Bàbá Ṣé-O-Tọrọ àti Àga Akàròyìn

Ní agogo méje ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan, akàròyìn tẹlifíṣọ̀n jókòó sórí àga rẹ̀, ó na ọrùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin olùwòran wa." Títí débẹ̀, kò sí wàhálà. Ìgbà tó tẹrí ba láti wo ìwé iwájú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gàdàgbà yọ lára ẹ̀yìn àga, òwú funfun lórí awọ dúdú: MO PARIWO O. Ó gbórí sókè, orí bo ọ̀rọ̀. Ó tún tẹrí ba, ọ̀rọ̀ tún yọ. Nígbà tó wá fì sápá kan láti kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀lù, ìlà kejì náà jáde gbangba: Ẹ̀YIN LẸ GÉ OHÙN MI.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ìròyìn ọjọ́ náà gbà, kò sì sí ẹni tó lè sọ ohun tí akàròyìn kà. Àga ni gbogbo ìlú ń kà. Onígbàjámọ̀ kan fi orí oníbàárà sílẹ̀ lágbedeméjì kó lè rí tẹlifíṣọ̀n dáadáa, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà ṣe gbé orí aláàbọ̀ lọ sílé.

Ní pálọ̀ kan tí kò jìnnà síbẹ̀, bàbá arúgbó ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń mu tíì. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ti yí lulẹ̀, ó di ikùn mú.

"Bàbá àgbà! Wọ́n ń kà á! Gbogbo ayé ń kà á!"

"Kí ló máa ṣe wọ́n tí wọn ò fi ní kà á? Òwú ìlọ́po mẹ́ta ni mo fi rán an."

Bàbá Ṣé-O-Tọrọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wọ aṣọ tuntun fún àga. Àga tó bá ti ya, tí fóòmù ń yọ níkùn rẹ̀ bí ìfun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi gba orúkọ náà. Bí o bá mú pẹ́ńsùlù tó fi há etí: "Ṣé o tọrọ?" Bí o bá sinmi sórí àga oníbàárà rẹ̀: "Ṣé o tọrọ?" Adìẹ aládùúgbò wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ó yé ẹyin méjì sínú àga tí ikùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Bàbá gbé adìẹ sápá ọ̀tún, ó kó ẹyin sápá òsì, ó sì bi adìẹ náà léèrè kó tó dá a padà fún ẹni tó ni ín. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ó dúró kó fèsì.

Ohun tí wọ́n bá gbàgbé sínú àga kì í di tirẹ̀ láé. Ṣíbí ni, kọ́kọ́rọ́ ni, bọ́tìnnì ni, yóò fi sínú àpò ìwé, yóò kọ orúkọ ẹni tó ni àga sí i. Nígbà kan ó rí eyín àtọwọ́dá nínú àga agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ó fi ẹsẹ̀ rìn la ìlú já nínú oòrùn ọ̀sán láti dá a padà.

"Bàbá, mo ti ra òmíràn láti ọdún mẹ́ta," agbẹ̀bí sọ bẹ́ẹ̀.

"Mo gbọ́. Ẹ fi sẹ́nu, kó lè dá mi lójú pé tiyín ni."

Agbẹ̀bí wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kò ní lọ. Ó yọ tẹnu, ó fi ti inú àga sí i. Ó bá a mu rẹ́gí. Láti ọjọ́ náà ló ti di ẹni tó ní eyín ilé àti eyín òde.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ yìí, Jàǹdùkú ni bàbá ń pè é, kò sì purọ́ mọ́ ọn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà náà, ọ̀dọ̀ bàbá ló ti dàgbà, eré àpárá ló sì fi ń lo ọjọ́. Ó ti fi abẹ́rẹ́ bàbá rán ẹnu àpò kóòtù bàbá pa rí. Bàbá fi gbogbo àárọ̀ wá ibi tí ọwọ́ á gbà wọlé. Nígbà tí ojú rẹ̀ wá là, kò bínú. Ó fi awò sójú, ó yẹ ojú ìrán náà wò, ó mi orí. "Ìrán burúkú gbáà ni. Tú u, kóo tún un rán dáadáa."

Jàǹdùkú náà ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù ya fídíò. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí bàbá kì í yà: àga tó ti parí, àga tí kò tíì bẹ̀rẹ̀, ológbò tó ń sùn. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí àtàǹpàkò rẹ̀ ò yọjú nígun.

"Bàbá àgbà, ẹ mú àtàǹpàkò kúrò, ó ń ba fídíò jẹ́."

"Fi í síbẹ̀. Wọ́n á fi mọ̀ pé èmi ni mo yà á."

Ṣọ́ọ̀bù bàbá dojú kọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni afẹ́fẹ́ líle bẹ̀rẹ̀, ó gbé agboòrùn oníwèé ìròyìn, ó ń yí i gbirigbiri lójú títì. Bàbá fa fóònù yọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ya agboòrùn. Ibẹ̀ ló ti rí i pé páànù ilé ẹ̀kọ́ ń ṣí, ó ń padé, ó ń ṣí, ó ń padé, bí ìdérí ìkòkò tó ń hó. Ẹ̀rín bọ́.

"Tíṣà! Ẹ kó àwọn ọmọ jáde! Páànù ń ṣí! Tíṣà o, ẹ kó wọn jáde!"

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ké e, ìkẹrin ló fa ohùn rẹ̀ ya. Tíṣà gbọ́. Ó kó ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n jáde, wọn ò sì tíì dé ìdí ògiri tán tí òrùlé fi gbéra, tó fò kọjá, tó lọ jókòó sáàárín pápá bí ẹni pé òun náà fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Kò sí ọmọ tó fara pa. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ọwọ́ bàbá tó mú fóònù wà lókè, nítorí ó ti gbàgbé pé òun mú nǹkan kan dání.

Jàǹdùkú bá a gbé fídíò náà sórí ayélujára kí àwọn ẹbí lè rí i. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni wọ́n wò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án nínú rẹ̀, bàbá ni.

Ọjọ́ kẹta, ó jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Bàbá kọ́kọ́ dìde dúró tìdùnnú-tìdùnnú. Kò pẹ́ tó fi jókòó. Wọ́n ti gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dànù, níbi tí àwọn ọmọ ti ń sá jáde. Wọ́n ti yọ ohùn kúrò, wọ́n fi orin ọ̀fọ̀ rọ́pò. Wọ́n fi àmì ilé iṣẹ́ wọn, àmì pupa róbótó, lẹ igun tí àtàǹpàkò wà pa. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: Fídíò láti orí ayélujára. Akàròyìn wá mi orí tàánú-tàánú, ó ní, "Ó mà ṣe o, pé ẹni tó dúró ya fídíò yìí ò tilẹ̀ ké sí ẹnikẹ́ni."

Jàǹdùkú, tí àwàdà kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, wá ọ̀kan tì.

"Ta ni wọ́n ń pè ní Orí Ayélujára?" bàbá béèrè, ohùn rẹ̀ ṣì há láti Ọjọ́rú. "Òjúlé wo ló ń gbé? Ṣé òun ni ọ̀fun ń dùn ni, àbí èmi?"

"Bàbá àgbà, ẹ má dá wọn lóhùn."

"Wọ́n sì fi àmì bo àtàǹpàkò mi."

Ó ì bá jẹ́ ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, bàbá lọ ra búrẹ́dì, obìnrin tó ń tà á ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí ìròyìn àná. "Ẹni tó dúró ya fídíò tí ò lè lanu yẹn, ọkàn rẹ̀ le ju òkúta lọ. Àwọn ọmọ olọ́mọ!" Kò mọ̀ pé ẹni tí òun ń bú ló na ọwọ́ sí búrẹ́dì níwájú òun. Bàbá dá búrẹ́dì padà sórí tábìlì, ó yí ẹ̀yìn, ó lọ sílé. Jàǹdùkú, tó bá a lọ, rí i pé etí rẹ̀ méjèèjì ti pọ́n.

"Orúkọ ni mo ní," ó sọ nígbà tí wọ́n délé. "Mi ò ní nǹkan mìíràn. Wọ́n máa dá ohùn mi padà."

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọ kóòtù, ó di ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Jàǹdùkú tẹ̀ lé e. Wọ́n jókòó títí ọ̀gá àgbà fi ní kí wọ́n wọlé. Ọ̀gá náà ò burú, ó kàn jẹ́ ẹni tó ń wo aago bí ẹni ń wo ọmọ tó ń rá.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ gbé e sórí ayélujára. Ohun tó bá ti dórí ayélujára, ti gbogbo ayé ni."

Bàbá mi orí bí ẹni tó ti gbà. Ó na ọwọ́, ó mú awò ojú ọ̀gá àgbà lórí tábìlì, ó fi sínú àpò kóòtù, ó dìde.

"Bàbá! Awò mi!"

"Orí tábìlì ni mo ti rí i. Ohun tó bá ti dórí tábìlì, ti gbogbo ayé ni."

Ẹ̀ṣọ́ méjì ló gba awò náà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu géètì. Èkejì nínú wọn ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

Lọ́yà kan wà tó máa ń gbé àga ọ́fíìsì rẹ̀ wá. Òun ló là á yé bàbá. "Ẹni tó ya fídíò ló ni ín, ì báà gbé e sórí ayélujára, ì báà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìta. Pé èèyàn rí nǹkan ò ní kó di tirẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ yín, kò sì yẹ kí wọ́n gé e débi tó fi bà yín lórúkọ jẹ́. Tí a bá pè wọ́n lẹ́jọ́, ọdún mẹ́rin, bóyá márùn-ún."

"Ọdún márùn-ún? Lọ́yà, ẹ̀yin ọmọdé lẹ máa ń ní ọdún márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbìyànjú tèmi."

Tirẹ̀ ni pé kó máa lọ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Tíṣà kọ ìwé lọ síbẹ̀ láti jẹ́rìí pé bàbá pariwo, wọn ò fèsì. Bàbá lọ. Òjò rọ̀, ó lọ. Wọ́n ní ọ̀gá rìnrìn-àjò, ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ lòun wá wò, ohùn òun ni òun wá gbà. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọmọbìnrin tó ń gba àlejò ti ń bá a tọ́jú ìjókòó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí ibà dè é mọ́lẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì fúnra rẹ̀ ló pè é lórí fóònù: "Bàbá, ṣé kò sí o? A ò rí yín láti bá wa jà lónìí."

Nínú ọ̀sẹ̀ kẹfà ni dírẹ́bà kan dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó já àga mẹ́fà sílẹ̀, ó ní wọ́n fẹ́ awọ tuntun. Jàǹdùkú rí àmì pupa róbótó lára ọkọ̀. Ó rọra fa bàbá létí aṣọ.

"Bàbá àgbà. Tẹlifíṣọ̀n ni. Èyí tó ga jù yìí, àga akàròyìn ni!" Ojú rẹ̀ ti ń dán. "Ẹ jẹ́ ká kọ nǹkan sí i!"

"Sára àga olóhun? Ṣé a tọrọ?"

"Ṣé àwọn tọrọ tiyín ni?"

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá wọn jà. Tí mo bá ṣe bíi tiwọn, kí ni mo ń jà fún?"

Jàǹdùkú fún ẹnu pọ̀. Bàbá mú ìwé tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ máa ń fọwọ́ sí, èyí tó ti ń lò láti ogójì ọdún. Ìlà kẹrin níbẹ̀ kà báyìí pé: Mo gbà kí oníṣẹ́ fi abẹ́rẹ́ kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sára àga. Orúkọ rẹ̀ ló sábà máa ń kọ, kékeré báyìí, sábẹ́ ìjókòó níbi tí ojú ò dé. Kò sí oníbàárà tó ka ìlà náà rí.

"Dírẹ́bà, ẹ ka ìwé yìí kẹ́ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ ka ìlà kẹrin dáadáa."

"Bàbá, mo ń kánjú. Ọ̀gá ní kí n fọwọ́ sí ohunkóhun."

"Ẹ pe ọ̀gá, ẹ kà á sí i létí."

Dírẹ́bà pè é. Ó ka ìlà kẹrin. Ohùn ọ̀gá àgbà jáde nínú fóònù, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì gbọ́ ọ: "Kó kọ ohun tó bá wù ú! Àga ni mo fẹ́!"

Bàbá yíjú sí Jàǹdùkú. "Ṣé o rí i? Béèyàn bá tọrọ, wọ́n á fún un."

Bí àga ṣe dé orí ìròyìn ọjọ́ Ajé nìyẹn. Fídíò náà, èyí tí ohùn bàbá ṣì wà nínú rẹ̀ lórí ayélujára, ẹ̀ẹ̀mọkànlá tí wọ́n ti wò ó tẹ́lẹ̀ di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí Jàǹdùkú ò jẹ́ kí ẹni tó bá béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ara àga sùn kó tó wò ó.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Ìṣẹ́gun. Bàbá ń wọ kóòtù láti lọ nígbà tí ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó ti ń gbé ẹsẹ̀ wọlé.

"Ẹ dúró níbẹ̀," bàbá sọ. "Ilé onílé ni."

Ọ̀gá fa ẹsẹ̀ padà. "Àgò o."

"Àgò yà. Ẹ wọlé."

Ó wọlé, ó mú àpò ìwé kan jáde, ó ní ilé iṣẹ́ fẹ́ fún bàbá ní nǹkan. Bàbá ò tilẹ̀ wo àpò náà. Ó ní ohun mẹ́ta lòun fẹ́: kí wọ́n fi fídíò náà hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú ohùn, kí akàròyìn sọ ẹni tó yà á, kí wọ́n sì máa tọrọ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí wọ́n bá rí fídíò rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí lánàá.

"Àtàǹpàkò ńkọ́?" Jàǹdùkú rán an létí.

"Mẹ́rin ni. Kí wọ́n ṣí àmì kúrò lórí àtàǹpàkò mi."

Ọ̀gá àgbà gba gbogbo rẹ̀. Ó dìde. Bàbá ò dìde.

"Ẹ ò tíì tọrọ."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Ó ṣì ń bínú nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà rọ̀ ọ́ lójú ọ̀nà kó tó jáde tán. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. A lo nǹkan yín láì béèrè, a sì bà yín lórúkọ jẹ́. Ṣé a lè lo fídíò yín?"

Bàbá fọwọ́ ti àgbọ̀n. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó. Ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀."

Ó padà wá lọ́jọ́bọ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo ìlú gbọ́ ohùn bàbá bó ṣe ya nígbà ìkẹrin, wọ́n rí àwọn ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ń sá jáde, akàròyìn dárúkọ bàbá, ó sì ní òun tọrọ àforíjì. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń sunkún, ó gbé búrẹ́dì gígùn dání. Bàbá ní òun ò bínú, ó wá bi í bóyá búrẹ́dì àná ni.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò ní àmì, bàbá ní òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ kí òun tó bẹ̀rẹ̀ àga mìíràn. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀, kò dìde mọ́. Ojú rẹ̀ tutù bí ti ẹni tí wọ́n ti dá nǹkan rẹ̀ padà.

Oṣù kan kọjá, ọmọbìnrin kan wá láti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó kágò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí Jàǹdùkú fi ní kó wọlé. Ó ní àwọn fẹ́ ṣe ètò kékeré nípa bàbá, ó sì mú ìwé tí wọ́n ti ń lò láti ọdún méjì jáde, ìwé tí wọ́n fi ń tọrọ.

"Tí ẹ bá gbà, ẹ bá wa yan díẹ̀ nínú fídíò tí bàbá yà."

Jàǹdùkú mú fóònù bàbá wá, wọ́n fi orí ko orí. Fídíò lé ní àádóje, àtàǹpàkò lé ní àádóje. Ológbò tó ń sùn: ó fọwọ́ sí i. Àga agbẹ̀bí: ó fọwọ́ sí i. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì tó wá kí bàbá nílé: ó ní òun á kọ́kọ́ bi ẹ̀ṣọ́ ná.

Wọ́n wá kan ọ̀kan tí Jàǹdùkú kò rí rí. Òun fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó sùn sórí àga tí wọn ò tíì rán tán, ẹnu là sílẹ̀ gbayau. Àtàǹpàkò wà nígun. Ohùn bàbá jáde, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́:

"Jàǹdùkú. Mo fẹ́ yà ọ́ o. Ṣé o gbà?"

Ó dúró. Ọmọ hanrun.

"Mo tún béèrè. Má sọ lọ́la pé mi ò tọrọ. Ṣé o gbà?"

Ọmọ tún hanrun, èyí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ní ìrù.

"Ó ní òun gbà," bàbá sọ. Ṣùgbọ́n kò pa fóònù. Fún bí ìṣẹ́jú méjì gbáko, ó kàn ń wò ó.

Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ti ń rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí ọmọ ti kọ́kọ́ hanrun. Nígbà tí fídíò fi parí, ẹ̀rín ti dáwọ́ dúró. Èyí tó wá láti tẹlifíṣọ̀n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ṣé a lè lo èyí? Gbogbo ìlú ló máa fẹ́ràn rẹ̀."

Jàǹdùkú wo ojú fóònù.

"Rárá," ó ní. "Èyí, tèmi ni."

Ọmọbìnrin náà ò bá a jiyàn. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó sún àga mọ́ ọn díẹ̀ sí i, wọ́n sì tún wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.